Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Bá Kọ̀ Láti Gbéra

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì àti ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣetán fún iṣẹ́?

Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ìpele mẹ́rin ló ń tẹ̀léra. Iná yóò kọ́kọ́ ti inú power supply, àpótí tó ń pín iná, dé ara ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, BIOS, èyí tí í ṣe ètò kékeré tí wọ́n kọ sínú chip kan lórí motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́), yóò yẹ RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), káàdì àwòrán àti kíbọ́ọ̀dù wò. Àyẹ̀wò yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní POST. Bí àyẹ̀wò náà bá yanjú, BIOS yóò wá dísíìkì tó lè gbé ètò ìṣiṣẹ́ dìde, yóò ka báìtì 512 àkọ́kọ́ orí rẹ̀, yóò sì fa iṣẹ́ lé ètò tó bá bá níbẹ̀ lọ́wọ́. Ètò yìí, tó lè jẹ́ GRUB (ti Linux) tàbí ti Windows, ni yóò wá gbé ojúlówó ètò ìṣiṣẹ́ wọ inú RAM.

Ìdí tó fi yẹ kí ẹ mọ èyí ni pé ibi tí ẹ̀rọ bá dúró sí ló ń tọ́ka sí ohun tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré tún Windows fi sínú ẹ̀rọ tí àléébù rẹ̀ kò ju RAM tó yẹ̀ nípò lọ, wọ́n á sì pàdánù fáìlì wọn lásán. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Mo tẹ bọ́tìnnì, kò sí iná, kò sí ìró. Ṣé Windows ló bàjẹ́?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ kò tíì kan Windows rárá ní ìpele yìí. Ẹ fi ohun èlò mìíràn dán ihò iná ara ògiri wò, ẹ pààrọ̀ wáyà iná, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn power supply bóyá ẹnì kan ti pa bọ́tìnnì kékeré tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, ẹ yọ ṣájà àti bátìrì rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè tán, lẹ́yìn náà kí ẹ ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un tàn.

Ẹni tó bá ní mítà lè wọn iná tó ń ti inú power supply jáde: 3.3, 5 àti 12 fólítì ni ó yẹ kó wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ìkankan fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe tú inú power supply fúnra rẹ̀. Àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, iná náà sì lè pa ènìyàn.

Fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti ara RAM. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná tó bá wà lára yín lè jáde, kí ẹ sì yọ gbogbo RAM kúrò. Ẹ ó rí ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó tò lẹ́sẹẹsẹ sí etí rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́, àwọ̀ wọn máa ń ṣú. Ẹ fi rọ́bà tí a fi ń pa ìwé rẹ́ nù wọ́n jẹ́jẹ́, ẹ gbọn ìdọ̀tí rọ́bà náà dànù, kí ẹ sì ki ẹyọ kan ṣoṣo padà sínú ihò àkọ́kọ́ títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi há pẹ́kẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá dáhùn, ẹ dán ẹyọ kejì wò, kí ẹ sì dán ihò kejì wò.

Bí RAM kò bá jẹ̀bi, ẹ wo ibi tí wáyà ojú kọ̀ǹpútà wọlé sí. Ẹ̀rọ tó ní káàdì àwòrán tirẹ̀ sábà máa ń pa ihò àwòrán ti motherboard tì, nítorí náà ara káàdì ni wáyà náà gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe láìní, ìyẹn dísíìkì, káàdì ohùn àti gbogbo ohun tó wà ní ojú USB, kí ẹ wá máa dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ ń dún píìn-píìn. Kí ló ń sọ?

BIOS ló ń fi ìró sọ ohun tí kò lè kọ sójú kọ̀ǹpútà. Ìtumọ̀ ìró náà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe BIOS kan sí èkejì: lórí ti Award, ìró gígùn kan àti kúkúrú méjì máa ń tọ́ka sí káàdì àwòrán, lórí ti AMI, kúkúrú mẹ́ta ń tọ́ka sí RAM. Ìró kúkúrú kan ṣoṣo sábà máa ń túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò yanjú. Ẹ ka ìró náà, kí ẹ sì wá orúkọ ẹni tó ṣe BIOS lórí chip rẹ̀ tàbí nínú ìwé tó bá motherboard wá.

Ó kọ "No bootable device" tàbí "Operating system not found". Ṣé fáìlì mi ti lọ nìyẹn?

Kò dájú bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé BIOS wá dísíìkì tó lè gbé ẹ̀rọ dìde, kò sì rí i. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo flash, sídì àti dísíìkì pẹlẹbẹ kúrò, nítorí pé flash tí a gbàgbé sí ojú USB nìkan tó láti dá wàhálà yìí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú BIOS. Bọ́tìnnì tó ń gbé ènìyàn wọ ibẹ̀ lè jẹ́ F2, Del, F1, F10 tàbí Esc, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kété tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ń wá ìdáhùn sí níbẹ̀: ǹjẹ́ BIOS dárúkọ háàdì dísíìkì yín? Bó bá dárúkọ rẹ̀, ẹ fi í sí ipò àkọ́kọ́ nínú ètò ìgbéra. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, wáyà ló yẹ kí ẹ pààrọ̀ kó tó kan dísíìkì. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo wáyà IDE fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ tún wo jumper (ìdè kékeré tó ń so ẹsẹ̀ irin méjì pọ̀) ẹ̀yìn dísíìkì, nítorí pé dísíìkì méjì kò lè jẹ́ Master papọ̀ lórí wáyà kan náà.

Kí ló dé tí ọjọ́ àti aago fi máa ń padà sí ọdún àtijọ́, tí ẹ̀rọ á sì ní kí n tẹ F1?

Bátìrì orí motherboard ti kú. CR2032 ni ó sábà máa ń jẹ́, ó rí bí owó ẹyọ, fólítì 3 sì ni agbára rẹ̀. Bí mítà bá kà á sí nǹkan tó kéré sí 2.7, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí BIOS rántí ètò tí ẹ ti ṣe nígbà tí iná kò bá sí lára ẹ̀rọ, nítorí náà nígbà tó bá kú, gbogbo ètò ni yóò padà sí bó ṣe wà látilẹ̀: ètò ìgbéra á yí padà, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísíìkì SATA (irú ìsopọ̀ tó rọ́pò IDE) sọ̀rọ̀ á sì yí padà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé BIOS kí ẹ tó yọ bátìrì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n sọ pé Windows rẹ̀ bàjẹ́ kò nílò ju bátìrì kékeré yìí lọ.

Windows bẹ̀rẹ̀, ó di aláwọ̀ búlúù, ó kọ 0x0000007B, ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí pé Windows ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tí dísíìkì tirẹ̀ gan-an wà. Bí bátìrì ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tàbí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún BIOS tò, a ti mọ ẹni tó jẹ̀bi: SATA ti kúrò ní AHCI bọ́ sí IDE, tàbí ó ti IDE bọ́ sí AHCI, ìyẹn ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ lè gbà bá dísíìkì sọ̀rọ̀. Ẹ yí i padà sí èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi Windows sí i. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ dán méjèèjì wò. Dísíìkì kò ní bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Bí kò bá sí ohun tó yí padà nínú BIOS, tí àṣìṣe náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lójijì, ẹ fura sí dísíìkì fúnra rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín "NTLDR is missing" àti "BOOTMGR is missing"?

Ọjọ́ orí Windows ni ìyàtọ̀ náà. NTLDR ni fáìlì tó ń gbé Windows NT, 2000 àti XP dìde. Láti orí Vista ni BOOTMGR ti gba ipò rẹ̀. Méjèèjì ń sọ ohun kan náà: BIOS rí dísíìkì, ó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì tó kàn kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe dísíìkì mìíràn ni ẹ̀rọ ń gbìyànjú láti ti ara rẹ̀ gbéra.

Fún XP, ẹ fi sídì Windows gbé ẹ̀rọ dìde, ẹ tẹ R láti wọ Recovery Console, ẹ ṣe àdàkọ ntldr àti ntdetect.com láti inú àpò i386 ti sídì náà sí C:, kí ẹ sì tẹ fixboot. Fún Windows 7, ẹ jẹ́ kí Startup Repair kọ́kọ́ gbìyànjú, nígbà mìíràn ó di ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó yanjú. Bí kò bá ṣe é, bootrec /fixboot àti bootrec /rebuildbcd ló kàn. Ṣùgbọ́n bí Linux bá wà lórí dísíìkì kan náà, ẹ ṣọ́ra fún fixmbr: yóò kọ nǹkan mìíràn lé GRUB lórí, ẹ kò sì ní rí Linux mọ́ títí ẹ ó fi tún GRUB fi sí i.

Mo tẹ F8 títí, kò sí ohun tó yọ. Báwo ni mo ṣe lè dé Safe Mode, ibi tí Windows ti ń gbéra pẹ̀lú ohun díẹ̀ péré?

F8 ń ṣiṣẹ́ títí dé Windows 7, ìlà tí wọ́n pè ní Last Known Good Configuration sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú bó bá jẹ́ pé driver tuntun (ètò tó ń darí ẹ̀yà ẹ̀rọ) ló dá wàhálà sílẹ̀. Láti Windows 8, wọ́n ti pa F8 tì. Níbẹ̀, bí Windows bá kọsẹ̀ léraléra lójú ọ̀nà, yóò fúnra rẹ̀ ṣí ojú ewé àtúnṣe. Bí kò bá ṣí i, ẹ fi flash tí Windows wà lórí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ dìde, kí ẹ sì yan Repair your computer.

Háàdì dísíìkì ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ìgbéra sì ń gba àkókò gígùn. Ṣé kí n ṣe chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ dísíìkì wò?

Ẹ má ṣe é. Ìró bẹ́ẹ̀ sábà máa ń túmọ̀ sí pé orí tó ń ka dísíìkì kò rí ibi tó ń wá, chkdsk /r yóò sì fi tipátipá ka gbogbo ojú dísíìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì máa kọ nǹkan sí i. Dísíìkì tó ń kú lọ kò ní agbára iṣẹ́ yẹn mọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀mí rẹ̀, ẹ fi kó fáìlì yín jáde.

Ẹ fi Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí flash gbé ẹ̀rọ dìde, kí ẹ sì fi ddrescue ṣe àdàkọ dísíìkì náà sórí òmíràn tó tóbi tó o tàbí tó jù ú lọ. Ìdí tí ddrescue fi dára ju àdàkọ lásán lọ ni pé ó máa ń kó ibi tó rọrùn kọ́kọ́, ó sì ń fi ibi tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn. Fáìlì àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ padà níbi tó dúró sí bí iná bá lọ. Orí àdàkọ náà ni kí ẹ ti wá ṣe àtúnṣe gbogbo.

Bí kò bá sí ìró, tí ẹ sì ń fura, smartctl -a yóò fi àkọsílẹ̀ tí dísíìkì ń tọ́jú nípa ara rẹ̀ hàn yín. Ẹ wo Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Bí nọ́ńbà wọn bá ń pọ̀ sí i, ẹ wá dísíìkì mìíràn. Ní ti àwọn tó ń sọ pé kí a gbé dísíìkì sínú fìríìsà, ẹ má ṣe dá wọn lóhùn: omi tó máa ń sẹ̀ sára irin lẹ́yìn náà lè ba ohun tó kù jẹ́.

Ẹ̀rọ kò rí flash tí mo fi Linux sí. Ṣé flash náà ló bàjẹ́?

Ẹ fi sára ẹ̀rọ tuntun wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ BIOS tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 2005 kò mọ bí a ti ń gbéra láti ojú USB, àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ orúkọ bíi USB-HDD tàbí USB-ZIP. Ẹ ki flash bọ ẹ̀rọ kí ẹ tó tàn án, nítorí pé nígbà mìíràn inú ìlà àwọn háàdì dísíìkì ni yóò ti yọ, kì í ṣe nínú ìlà ìgbéra gan-an. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, sídì ṣì wà. Ẹ sì lè kọ Plop Boot Manager sórí sídì kan. Òun yóò gbéra láti orí sídì, yóò sì fa iṣẹ́ lé flash lọ́wọ́.

Ó kọ "This kernel requires an x86-64 CPU", ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó ń ṣàròyé nípa "pae". Kí ni mo ṣe?

Ẹ gbé ètò tó ju ọjọ́ orí processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) lọ wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé ètò tí ẹ mú jẹ́ ti bíìtì 64, processor sì jẹ́ ti bíìtì 32. Ti bíìtì 32 ni ẹ nílò, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n: Debian 12 ni ó kẹ́yìn tí Debian fi ní ètò ìfisẹ́rọ fún irú processor bẹ́ẹ̀, Debian 13 tó jáde ní ọdún 2025 ti pa á tì.

Ti PAE, èyí tó ń jẹ́ kí processor bíìtì 32 lè lo RAM tó ju 4 GB lọ, ní àrékérekè díẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn Pentium M àkọ́kọ́ ní PAE nínú, ṣùgbọ́n wọn kì í kéde rẹ̀. Lórí àwọn wọ̀nyí, ẹ fi forcepae kún òpin ìlà ìgbéra, ẹ̀rọ yóò sì gbà.

Ní ti Windows, láti Windows 8 ni processor ti gbọ́dọ̀ ní PAE, NX àti SSE2, ìyẹn àwọn agbára tí wọ́n kọ́ mọ́ inú rẹ̀. Windows 11 24H2 ń béèrè SSE4.2 àti POPCNT. Bí processor kò bá ní wọn, kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè fi yẹra fún un, kódà bí ẹ bá ti rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn àyẹ̀wò TPM (chip ààbò).

Linux bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ṣé ó ti kú ni?

Ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú, ẹ̀rọ wà láàyè, àwòrán nìkan ni kò rí ọ̀nà jáde. Nínú GRUB, ẹ tẹ e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, ẹ fi nomodeset sí òpin rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Ctrl+X. Ìgbà díẹ̀ ni àtúnṣe yìí wà fún: ẹ lò ó láti wọlé, kí ẹ wá driver tó bá káàdì àwòrán yín mu.

Mo bá ara mi níwájú "grub rescue>". Kí ni kí n tẹ̀?

Apá kékeré GRUB tó wà níbẹ̀rẹ̀ dísíìkì ti jí, ṣùgbọ́n kò rí àpò tí àwọn fáìlì rẹ̀ yòókù wà. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá pa ìpín (partition) dísíìkì kan rẹ́ tàbí tó tún dísíìkì pín. Ẹ tẹ ls, yóò to àwọn ìpín tó rí, bíi (hd0,msdos1) àti (hd0,msdos5). Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí: ls (hd0,msdos5)/boot/grub. Èyí tí kò bá kọ "unknown filesystem", tó sì to fáìlì jáde, òun ni. Ẹ wá tẹ:

set root=(hd0,msdos5)
set prefix=(hd0,msdos5)/boot/grub
insmod normal
normal

Àkójọ ìgbéra tí ẹ mọ̀ yóò padà yọ. Nígbà tí ẹ bá wọlé tán, ẹ tẹ sudo grub-install /dev/sda, kí sudo update-grub sì tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi kan náà ni ẹ ó tún bá ara yín lọ́la. Dísíìkì lódindi ni ẹ ó dárúkọ níbẹ̀, ẹ má ṣe kọ sda5.

Lẹ́yìn àtúnṣe ètò, ó kọ "VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)".

Kernel (ọkàn Linux) tuntun dé láìsí initramfs rẹ̀ (fáìlì tó ń ràn án lọ́wọ́ láti dé dísíìkì), ohun tó sì sábà máa ń fa èyí ni pé ìpín /boot ti kún nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Nínú GRUB, ẹ wọ Advanced options, ẹ mú kernel tó ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá wọlé, df -h /boot yóò fi hàn bóyá àyè ti tán. Ẹ yọ àwọn kernel àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì tẹ sudo update-initramfs -u -k all lórí Debian tàbí Ubuntu.

Linux ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Lójijì GRUB kọ "attempt to read or write outside of disk 'hd0'". Dísíìkì kò sì bàjẹ́.

Èyí ni ìbéèrè tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, nítorí pé kò sí ohun tó fọ́. BIOS àtijọ́ tó ń fi bíìtì 28 ka sẹ́kítọ̀ (ẹyọ ààyè kékeré orí dísíìkì) kò lè rí ohun tó bá kọjá 137 GB àkọ́kọ́ lórí dísíìkì. Linux fúnra rẹ̀ kì í lo BIOS láti ka dísíìkì, nítorí náà ó ń rí gbogbo rẹ̀. GRUB ní tirẹ̀ kò ní ojú mìíràn ju ti BIOS lọ. Nígbà tí dísíìkì ṣì ṣófo, kernel wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan sì ń lọ déédéé. Bí ó ti ń kún, àtúnṣe kan gbé kernel tuntun lọ síbi tó jìnnà, ọwọ́ GRUB kò sì tó o mọ́.

Kernel àtijọ́ inú Advanced options sábà máa ń ṣì wà níbi tí ọwọ́ tó. Ẹ fi ìyẹn wọlé, ẹ kó fáìlì yín pamọ́, kí ẹ sì dá ìpín /boot tirẹ̀ sílẹ̀, bíi 1 GB, ní ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì gan-an. Títún GRUB fi sí i kò ní ṣe nǹkan kan.

Mo ra SSD tuntun, motherboard kò rí i rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn.

Ó yẹ kí SATA tuntun lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, àmọ́ àwọn chip kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdéhùn náà. VIA VT8237 ni gbajúmọ̀ nínú wọn: 1.5 Gbit/s ni eré tirẹ̀, dísíìkì tó bá sì bá a sọ̀rọ̀ ní 3 Gbit/s kò ní yọjú nínú BIOS. Púpọ̀ nínú háàdì dísíìkì ní jumper tó ń dín eré wọn kù sí 1.5; SSD kì í sábà ní in. Ọ̀nà tó kù ni káàdì SATA tí a ń ki sínú ihò PCI, tó ní BIOS tirẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ti ara rẹ̀ gbéra, tàbí ohun tó ń so SATA pọ̀ mọ́ wáyà IDE.

Processor mi jẹ́ bíìtì 64, flash tí mo ṣe jẹ́ bíìtì 64 fún UEFI, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń ṣe bí ẹni pé kò rí i.

Processor lè jẹ́ bíìtì 64 kí UEFI (èyí tó rọ́pò BIOS) tó wà lórí ẹ̀rọ sì jẹ́ bíìtì 32. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lórí díẹ̀ nínú àwọn Mac ìbẹ̀rẹ̀ tó lo processor Intel bíìtì 64, láti ọdún 2006, àti lórí ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní Atom Bay Trail. Irú UEFI bẹ́ẹ̀ ń wá fáìlì BOOTIA32.EFI nínú àpò EFI/BOOT; bí BOOTX64.EFI nìkan bá wà níbẹ̀, yóò kọjá lọ láìsọ ohunkóhun. Ẹ wá ètò ìfisẹ́rọ tó ní fáìlì méjèèjì, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ fi GRUB sí i, ẹ lo grub-install --target=i386-efi. Ètò ìṣiṣẹ́ yín yóò ṣì jẹ́ ti bíìtì 64.

Ní òwúrọ̀ kò ní gbéra. Lẹ́yìn tí mo bá tàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á ṣiṣẹ́ títí di alẹ́. Ètò ìṣiṣẹ́ wo ni kí n fi sí i?

Ẹ má fi ìkankan sí i. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀ nígbà tó tutù, tó sì ń gbà nígbà tó bá gbóná, ń tọ́ka sí kapásítọ̀ tó ti gbẹ. Àwọn motherboard àti power supply tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ló ní àrùn yìí jù. Ẹ ṣí àpótí, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí àyíká processor: orí kapásítọ̀ tó dára tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó ti bàjẹ́ wú sókè níbi ilà orí rẹ̀, tàbí kí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ ti sun jáde sí ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán power supply mìíràn wò, nítorí pé òun ló rọrùn láti pààrọ̀. Bó bá jẹ́ ti orí motherboard, ẹni tó mọ iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ lè fi tuntun rọ́pò wọn: iye microfarad gbọ́dọ̀ bára mu, fólítì lè jù ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kéré, kó jẹ́ irú tí wọ́n kọ low ESR àti 105°C sí lára, kí ó sì ṣọ́ ilà tó ń fi ẹsẹ̀ òdì hàn kó tó jó o mọ́ ọn. Bí gbogbo kapásítọ̀ bá mọ́ tónítóní, ẹ jẹ́ kí Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú lórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì tutù.